Ẹni Tó Tọrẹ Lẹ́ẹ̀kan Ṣoṣo: Ìtọ́jú Àkọsílẹ̀ Olùtọrẹ ní Pọ́bẹ̀ àti Sakẹ́tẹ́

Nínú àwọn tó ń fi owó ran ẹgbẹ́ aláàánú lọ́wọ́, àwọn kan wà tí orúkọ wọn kì í hàn ju ẹ̀ẹ̀kan lọ nínú ìwé ẹgbẹ́ náà. Wọ́n mú owó wá lọ́jọ́ kan, bóyá nítorí òkú tí wọ́n sin, bóyá nítorí aláìsàn kan tí wọ́n gbúròó rẹ̀, bóyá nítorí pé ọ̀rẹ́ wọn ló bẹ̀ wọ́n. Wọ́n gba rìsíìtì tàbí kí wọ́n má gbà á, wọ́n sì bá tiwọn lọ. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí pè ní olùtọrẹ ẹlẹ́ẹ̀kan. Ibi tí ẹgbẹ́ kó orúkọ, nọ́ńbà fóònù, àdírẹ́sì àti iye ẹ̀bùn àwọn olùtọrẹ jọ sí lórí kọ̀ǹpútà létòlétò, tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá ń wá ohun kan níbẹ̀ yóò rí i láìjẹ́ pé ó tú gbogbo ilé, ni ó pè ní àká ìsọfúnni.

Akọ̀wé ẹgbẹ́ mìíràn a máa ka olùtọrẹ ẹlẹ́ẹ̀kan sí ìdọ̀tí inú àká: bí ọdún méjì bá kọjá tí kò gbúròó ẹni náà mọ́, yóò pa orúkọ rẹ̀ rẹ́ pẹ̀lú gbogbo ohun tó so mọ́ ọn. Òmíràn a sì kà á sí onígbèsè, yóò máa fi àtẹ̀jíṣẹ́ yọ ọ́ lẹ́nu lóṣooṣù títí onítọ̀hún yóò fi dí ọ̀nà mọ́ nọ́ńbà ẹgbẹ́ lórí fóònù rẹ̀. Ọ̀kan náà ni àṣìṣe àwọn méjèèjì, nítorí wọ́n ti so nǹkan méjì tí kò yẹ kó so pọ̀ mọ́ra, ìyẹn ẹ̀bùn àti ọ̀nà tí ẹgbẹ́ lè gbà kàn sí ẹni tó mú un wá. Ẹ̀bùn jẹ́ ohun tó ti ṣẹlẹ̀. Owó ti wọlé, wọ́n ti ná an lórí ènìyàn, kò sì sí ẹni tó lè sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Nọ́ńbà fóònù àti àdírẹ́sì, ní tiwọn, ohun tí olóhun yá ẹgbẹ́ lò ni. Wọ́n máa ń yí padà, olóhun sì lè gbà wọ́n padà nígbà tó bá wù ú. Àkọsílẹ̀ ẹ̀bùn ni ó yẹ kí ó pẹ́. Ọ̀nà ìkànsíni kò gbọdọ̀ pẹ́ ju ìyọ̀ǹda olóhun lọ. Orí èyí ni gbogbo ọ̀rọ̀ tó kù dúró lé.

Agbègbè tí ọ̀rọ̀ náà kàn níhìn-ín ni ẹ̀ka ìjọba tí wọ́n ń pè ní Plateau, ní gúúsù ìlà-oòrùn Bẹ̀nẹ̀, níbi tí Pọ́bẹ̀ ti jẹ́ olú ìlú, tí Sakẹ́tẹ́, Ìfọ̀nyìn, Kétu àti Adja-Ouèrè sì jẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ yòókù, tí ìkànìyàn ọdún 2013 sì ka ènìyàn 622,372 níbẹ̀. Ní Pọ́bẹ̀ ni ibùdó àyẹ̀wò àti ìtọ́jú egbò Buruli wà, tí àjọ Fondation Raoul Follereau ti ilẹ̀ Faransé ń ṣe àtìlẹ́yìn fún. Egbò Buruli jẹ́ àrùn tí kòkòrò Mycobacterium ulcerans ń fà, kòkòrò tó bá ti ẹ̀tẹ̀ àti ti ikọ́ ẹ̀gbẹ tan. Ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ bíi kókó kékeré tí kì í dunni, kó tó di egbò ńlá tó lè jẹ ẹran ara dé egungun, ó sì máa ń mú ọmọdé púpọ̀ ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Ìtọ́jú rẹ̀ ń gba oògùn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, nígbà mìíràn pẹ̀lú iṣẹ́ abẹ, ìtọ́jú ojú egbò lójoojúmọ́ àti nína apá tàbí ẹsẹ̀ kí ó má baà ká. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń gba owó, ó sì ń gba owó púpọ̀.

Raoul Follereau, tí wọ́n bí ní 1903 tó sì kú ní 1977, ni ó dá Ọjọ́ Àwọn Adẹ́tẹ̀ Lágbàáyé sílẹ̀ ní 1954, tí wọ́n ń ṣe ní ọjọ́ Àìkú tó gbẹ̀yìn oṣù kìíní ọdún. Ní àsìkò ọjọ́ náà, àwọn olùyọ̀ǹda-ara-ẹni máa ń gbé àpótí ìdáwó káàkiri ojú pópó àti ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì ní ilẹ̀ Faransé. Ẹni tó bá ju owó ẹyọ sínú àpótí kò kọ orúkọ. Ẹgbẹ́ lè mọ iye owó, ọjọ́ àti ìlú, ṣùgbọ́n kò mọ ènìyàn, kò sì yẹ kí ó máa wá a kiri. Ẹni tó bá fi ìwé sọ̀wédowó ránṣẹ́ láti ilé yóò fẹ́ gba ìwé ẹ̀rí, nítorí òfin ilẹ̀ Faransé gbà kí ó yọ ìdá 66 nínú ọgọ́rùn-ún ẹ̀bùn rẹ̀, títí dé ààlà kan, kúrò nínú owó-orí tó yẹ kó san. Nítorí náà orúkọ àti àdírẹ́sì rẹ̀ gbọ́dọ̀ pé pérépéré. Àwọn méjèèjì lè jẹ́ olùtọrẹ ẹlẹ́ẹ̀kan, síbẹ̀ àkọsílẹ̀ wọn kò lè jọra. Àká tó bá fi ipá mú ti àkọ́kọ́ wọ inú àwòṣe ti èkejì yóò kún fún orúkọ àdábọwọ́ bíi “Ọ̀gbẹ́ni Aláìlórúkọ”, tí yóò máa dé lọ́pọ̀ ìlà, tí yóò sì ba ìṣirò jẹ́. Ohun tó tọ́ ni kí owó àpótí kọ̀ọ̀kan jẹ́ àkọsílẹ̀ kan ṣoṣo, pẹ̀lú ọjọ́, ibi, àti orúkọ ẹni méjì tó ka owó náà níṣojú ara wọn.

Ní ibùdó Pọ́bẹ̀ kan náà, ẹ̀rí wà nípa ohun tí àkọsílẹ̀ tó pé lè ṣe. Ní 2014, ìwé ìròyìn ìṣègùn The Lancet Global Health gbé iṣẹ́ ìwádìí kan jáde lórí aláìsàn 1,227 tí wọ́n rí egbò Buruli lára wọn níbẹ̀ láàárín 2005 sí 2011, iṣẹ́ tó jẹ́ kí àwọn oníṣègùn gbogbo àgbáyé túbọ̀ mọ ọjọ́ orí àwọn tí àrùn náà ń mú, ìyàtọ̀ tó wà láàárín akọ àti abo, àti ohun tí egbò náà ń fi sílẹ̀ sára. Iṣẹ́ náà kì bá tí ṣeé ṣe bí ó bá jẹ́ pé wọ́n ti ju fáìlì ẹni tó wá lẹ́ẹ̀kan, tó sì san, nù. Irú ìtọ́jú yìí kan náà ni ó yẹ kí ẹgbẹ́ aláàánú fún àkọsílẹ̀ àwọn tó mú owó wá.

Òdìkejì rẹ̀ hàn ní Haiti. Nígbà tí ilẹ̀ mì tìtì níbẹ̀ ní ọjọ́ 12 oṣù kìíní 2010, àjọ Red Cross ti Amẹ́ríkà ní kí ẹni tó bá fẹ́ ṣèrànwọ́ fi àtẹ̀jíṣẹ́ kan ṣoṣo ránṣẹ́, dọ́là mẹ́wàá yóò sì kún owó tí yóò san fún ilé iṣẹ́ fóònù rẹ̀. Ohun tí wọ́n rí gbà lọ́nà bẹ́ẹ̀ ju ọgbọ̀n mílíọ̀nù dọ́là lọ. Ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ fóònù ni orúkọ àwọn tó san owó wà. Lójú olùṣírò owó, ìrànwọ́ ńlá ni èyí. Lójú ẹni tó ń tọ́jú àká ìsọfúnni, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni wọ́n wọlé tí wọ́n sì jáde láìsí ẹni tó rójú wọn.

Àwọn ará Pọ́bẹ̀ àti Sakẹ́tẹ́ kò nílò ẹni tí yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ wọn ní bí wọ́n ṣe ń kọ ìdáwó sílẹ̀. Níbi òkú, ìsọmọlórúkọ àti ìgbéyàwó, ẹnì kan máa ń jókòó ti ìwé àti bírò, tí yóò máa kọ orúkọ ẹni tó mú owó wá, iye owó, àti ohun tó bá owó wá, bí àpò ìrẹsì tàbí páálí ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Ìwé yìí ni ẹbí yóò ṣí wò lọ́jọ́ tí ẹni tó bá wọn náwó bá ń ṣe ìnáwó tirẹ̀, kí wọ́n lè mọ ohun tí wọn yóò gbé lọ. Nítorí náà, ẹni tó bá mú owó wá fún ẹgbẹ́ aláàánú nírú ìlú bẹ́ẹ̀, tó sì rí i pé wọ́n kọ orúkọ òun, mọ̀ pé ohun kan ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Kò retí kí owó padà. Ó retí kí ẹnì kan wá sọ ohun tí wọ́n fi owó náà ṣe. Ẹgbẹ́ tó bá dákẹ́ ti rú àdéhùn tí gbogbo ìlú mọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnikẹ́ni kò kọ ọ́ sínú ìwé òfin. CiviCRM, ètò kọ̀ǹpútà ọ̀fẹ́ tí àwọn ẹgbẹ́ aláàánú ti ń lò láti 2005, ya àkọsílẹ̀ ènìyàn sọ́tọ̀ kúrò lára àkọsílẹ̀ ẹ̀bùn, èyí tó dára púpọ̀, ó sì ní àlàfo fún ọjọ́ tí ẹgbẹ́ dúpẹ́. Àlàfo, níhìn-ín, ni àyè kọ̀ọ̀kan tí a ń kọ ìsọfúnni kan ṣoṣo sí. Ní Plateau, ọjọ́ ìdúpẹ́ nìkan kò tó: àlàfo kan gbọ́dọ̀ wà fún ohun tí wọ́n fi owó náà ṣe, òmíràn fún ẹni tó jíṣẹ́ fún olùtọrẹ, àti fún ọjọ́ tó jẹ́ ẹ.

Ìwé ìnáwó ní àléébù tirẹ̀. Ohun tí akọ̀wé rẹ̀ sábà máa ń kọ ni “Ìyá Bọ́láńlé, 2,000”, “Àlàájì oníbíríkì, 5,000”, “ọmọ Bàbá Kékeré, 1,000”. Gbogbo ènìyàn mọ wọ́n lọ́jọ́ náà. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, bí ẹni tó kọ ọ́ bá ti kó lọ sí Kùtọnu tàbí Èkó, Ìyá Bọ́láńlé mẹ́ta lè wà ní àdúgbò kan, kò sì sí ẹni tí yóò mọ èwo nínú wọn ni. Síbẹ̀, orúkọ inú ìwé ìdánimọ̀ nìkan kò tó, nítorí ẹni tó bá lọ bèèrè orúkọ ìwé ní àdúgbò lè yí gbogbo ilé ká láìrí ẹni tó mọ̀ ọ́n. Àká tó wúlò fún ilẹ̀ yìí gbọ́dọ̀ ní àyè fún méjèèjì: orúkọ ìwé, àti orúkọ tí ìlú mọ ẹni náà sí.

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti le jù. Láti ìgbà tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ti fohùn ṣọ̀kan lórí ààlà ilẹ̀ yìí ní 1889, ọmọ ìyá kan náà lè máa kọ orúkọ ní ọ̀nà méjì. Adéṣínà di Adéchina lọ́dọ̀ akọ̀wé tó kọ́ ìwé Faransé, ó sì di Adesina tàbí Adeshina ní Ìláròó, lápá Nàìjíríà. Òjó di Odjo, Ìdòwú di Idohou, Músá di Moussa. Àṣà ìwé Faransé tún máa ń fi orúkọ ìdílé ṣáájú, nígbà tí ti Nàìjíríà sábà máa ń fi í sẹ́yìn. Bí a bá mú àpẹẹrẹ kan, tí kì í ṣe ti ẹnì kan pàtó, ìlà mẹ́ta lè wà nínú àká: ADECHINA Moussa, 10,000 fáráńkì, oṣù kẹta 2022, nọ́ńbà Bẹ̀nẹ̀ olóòkà mẹ́jọ; Musa Adeshina, 10,000 fáráńkì, oṣù kejì 2023, nọ́ńbà Nàìjíríà; Àlàájì Músá, Sakẹ́tẹ́, 5,000 fáráńkì lọ́wọ́, oṣù kìíní 2025, nọ́ńbà Bẹ̀nẹ̀ olóòkà mẹ́wàá. Kọ̀ǹpútà yóò ka olùtọrẹ ẹlẹ́ẹ̀kan mẹ́ta. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo tó ti dúró ti ẹgbẹ́ fún ọdún mẹ́ta, tí wọ́n sì ń kí bí àlejò ní gbogbo ìgbà. Èyí ni ó fi yẹ kí ẹgbẹ́ ṣọ́ra kí ó tó sọ pé ìdajì àwọn olùtọrẹ òun kì í padà wá: nígbà mìíràn wọ́n padà wá, àká ni kò dá wọn mọ̀.

Ìfura nìkan kò tó láti pa ìlà mẹ́ta bẹ́ẹ̀ pọ̀ di ọ̀kan, nítorí bàbá àti ọmọ lè jẹ́ orúkọ kan náà, ìbejì lè máa lo fóònù kan. Kí akọ̀wé pe ẹni náà, kí ó bèèrè pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Bí ó bá dájú, kí ó pa wọ́n pọ̀, kí ó fi gbogbo ọ̀nà tí wọ́n ti kọ orúkọ náà sílẹ̀ pamọ́ gẹ́gẹ́ bí orúkọ mìíràn, kí ó sì kọ ẹni tó ṣe ìpapọ̀ náà, ọjọ́ tó ṣe é, àti ìdí rẹ̀. Bí kò bá dájú, kí ó fi wọ́n sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà. Ìlà méjì fún ẹnì kan ṣeé tún ṣe lọ́la. Ìlà kan fún ènìyàn méjì ti fi ẹ̀bùn ẹnì kan fún ẹlòmíràn.

Nọ́ńbà fóònù, tí ọ̀pọ̀ akọ̀wé gbójú lé láti fi dá ènìyàn mọ̀, ní ìṣòro tirẹ̀. Ní ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá 2024, gbogbo nọ́ńbà Bẹ̀nẹ̀ kúrò ní olóòkà mẹ́jọ, ó di olóòkà mẹ́wàá, nígbà tí wọ́n fi 01 ṣáájú ti tẹ́lẹ̀. Olùtọrẹ tó tọrẹ ṣáájú ọjọ́ náà, tí kò sì padà wá, nọ́ńbà àtijọ́ rẹ̀ ni yóò wà nínú àká, nítorí kò sí ohun tó mú kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Àwọn tó ń tọrẹ lóṣooṣù ti tún tiwọn ṣe fúnra wọn. Olùtọrẹ ẹlẹ́ẹ̀kan ni àtúnṣe náà fò dá. Kọ̀ǹpútà lè fi 01 kún gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà, bí akọ̀wé bá ti kọ́kọ́ ya nọ́ńbà Nàìjíríà àti ti ilẹ̀ mìíràn sọ́tọ̀, tó sì ti yọ àwọn tó ti ní 01 tẹ́lẹ̀ kúrò. Bí ó bá jẹ́ Excel ni ẹgbẹ́ ń lò, kí wọ́n ṣètò òpó nọ́ńbà fóònù gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ kí wọ́n tó tẹ ohunkóhun sínú rẹ̀, nítorí bí Excel bá kà á sí iye, òdo iwájú yóò pòórá, ohun tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 01 yóò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 1, nọ́ńbà Nàìjíríà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 080 yóò sì di 80. Kíkọ +229 tàbí +234 ṣáájú nọ́ńbà gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ ni ó ń gbani lọ́wọ́ gbogbo èyí.

Owó orí fóònù ti sọ ìdáwó di ohun ìrọ̀rùn, ṣùgbọ́n orúkọ tí MoMo, ìyẹn ètò owó orí fóònù, ń fi hàn ni orúkọ ẹni tó forúkọ sílẹ̀ fún káàdì fóònù náà, kì í ṣe orúkọ ẹni tó ni owó. Ọmọ lè fi fóònù rẹ̀ rán owó bàbá rẹ̀. Ìyá tó ń tajà ní ọjà Pọ́bẹ̀ lè gbé owó lé oníṣẹ́ MoMo lọ́wọ́, kí orúkọ oníṣẹ́ náà sì jáde. Alága ẹgbẹ́ ọmọ ìlú tó wà ní Paris lè kó owó ogún ènìyàn jọ, kó fi ránṣẹ́ ní orúkọ tirẹ̀ nìkan. Nítorí náà, ẹ̀bùn kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní àlàfo mẹ́ta tó dá dúró: ẹni tó ni owó, ẹni tó mú owó wá, àti ẹni tí wọ́n tọrẹ ní orúkọ rẹ̀ bí ó bá jẹ́ ìrántí olóògbé. Àlàfo kẹta yìí kò ṣeé fojú kéré ní ilẹ̀ tí ìsìnkú àti ìrántí òkú ti ń kó ọ̀pọ̀ olùtọrẹ ẹlẹ́ẹ̀kan jọ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ẹgbẹ́ tó bá fi orúkọ olóògbé sí àyè olùtọrẹ yóò fi ìkíni ọdún ránṣẹ́ sí òkú, àwọn ọmọ rẹ̀ ni yóò sì kà á.

Àwọn kan wà tí wọn kì í fẹ́ kí a gbọ́ orúkọ wọn rárá, yálà nítorí pé sàárà ni wọ́n ṣe, tí wọn kò fẹ́ kí ìyìn ènìyàn dàpọ̀ mọ́ èrè rẹ̀, tàbí nítorí pé wọn kò fẹ́ kí àwọn ẹbí mọ̀ pé owó wà lọ́wọ́ wọn. Ìfẹ́ wọn ni kí ẹgbẹ́ tẹ̀ lé, ṣùgbọ́n akápò àti ẹni tó ń yẹ ìwé owó wò gbọ́dọ̀ mọ ibi tí owó ti wá. Àmì kan nínú àká, tí kì í jẹ́ kí orúkọ náà hàn nínú ìwé ìròyìn tàbí níbi ìpàdé, tó fún iṣẹ́ yìí.

Ní ti òfin, Bẹ̀nẹ̀ ti ní òfin lórí ìsọfúnni ara ẹni láti 2009, òfin n° 2017-20 ti ọjọ́ 20 oṣù kẹrin 2018, tí wọ́n ń pè ní Code du numérique, sì ti gba ipò rẹ̀. Àjọ APDP ni ó ń mójú tó o. Olùtọrẹ ní ẹ̀tọ́ láti rí ohun tí wọ́n kọ nípa rẹ̀, láti ní kí wọ́n tún un ṣe, àti láti ní kí wọ́n pa á rẹ́. Ní ìdàkejì, ìlànà OHADA, àjọ tó so òfin òwò àwọn orílẹ̀-èdè bíi Bẹ̀nẹ̀, Togo àti Senegal pọ̀, sọ pé ìwé owó gbọ́dọ̀ wà nípamọ́ fún ọdún mẹ́wàá, ètò ìṣirò owó tí wọ́n sì ṣe fún àwọn ẹgbẹ́ tí kì í wá èrè, SYCEBNL, ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2024. Ẹni tó bá ti so ẹ̀bùn àti àdírẹ́sì mọ́ra yóò rò pé òfin méjèèjì ń ta ko ara wọn. Ẹni tó ti yà wọ́n sọ́tọ̀ kò ní ìṣòro: bí olùtọrẹ bá ní kí wọ́n gbàgbé òun, nọ́ńbà fóònù, íméèlì àti àdírẹ́sì yóò kúrò lọ́jọ́ náà, ìlà ẹ̀bùn àti nọ́ńbà rìsíìtì yóò dúró títí ọdún mẹ́wàá yóò fi pé, lẹ́yìn náà orúkọ lè kúrò kí ọjọ́ àti iye owó ṣẹ́kù. Ìwé kékeré kan ṣoṣo ni ó gbọ́dọ̀ kù, tí yóò ní nọ́ńbà àwọn tó ní kí wọ́n má pe àwọn mọ́ nínú, kí ó má baà jẹ́ pé ìdáwó tó ń bọ̀ ni yóò tún dá wọn padà sínú àká.

Pé ọ̀pọ̀ olùtọrẹ kì í padà wá kì í ṣe ìtìjú Plateau. Ní Amẹ́ríkà, níbi tí iṣẹ́ Fundraising Effectiveness Project ti ń ka èyí láti 2006, àwọn olùtọrẹ tuntun tó ń padà wá ní ọdún kejì kì í tó ìdá kan nínú mẹ́ta. Rìsíìtì láàárín ọjọ́ mélòó kan, ìròyìn kan nígbà tí wọ́n bá ti ná owó náà, àti ìbéèrè kan bóyá ó fẹ́ máa gbúròó ẹgbẹ́: mẹ́ta yìí ni ẹgbẹ́ jẹ olùtọrẹ ẹlẹ́ẹ̀kan. Bí kò bá dáhùn ìbéèrè náà, kí ẹgbẹ́ má ṣe ka ìdákẹ́jẹ́ẹ́ rẹ̀ sí ìyọ̀ǹda. Èdè tí ìròyìn náà yóò gbà lọ ṣe pàtàkì, nítorí ẹni tó ń sọ Yorùbá láti òwúrọ̀ dalẹ́ lè má lè kà á, ó sì lè má gbọ́ Faransé. Ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ lórí WhatsApp, ìṣẹ́jú kan péré, lẹ́nu nọ́ọ̀sì tàbí olùkọ́ tí owó náà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, yóò wọ̀ ọ́ lára ju lẹ́tà lọ. Àlàfo kan fún èdè, kan fún ohùn tàbí ìwé, kò náni ní nǹkankan.

Ohun tó kù ni ọwọ́ tí àká náà wà. Bí ó bá wà nínú fóònù akọ̀wé nìkan, ọjọ́ tí akọ̀wé bá kúrò ni ẹgbẹ́ di aláìní ìrántí. Ẹni méjì ni ó yẹ kó ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, kí ẹ̀dà kan sì wà níbòmíràn tí iná tàbí òjò kò lè dé. Ìwé ìdáwó àtijọ́, ojú-ewé kan tẹ̀ lé òmíràn, ni kí wọ́n yà ní fọ́tò kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ọdún tó súnmọ́ jù, nígbà tí àwọn tó lè sọ ẹni tí Ìyá Bọ́láńlé ń jẹ́ ṣì wà láyé. Ẹgbẹ́ tí kò tíì ní kọ̀ǹpútà lè lo ìwé ńlá méjì. Kí ìkíní gba ọjọ́, orúkọ, iye owó, ohun tí wọ́n fi owó ṣe, nọ́ńbà rìsíìtì àti nọ́ńbà olùtọrẹ, kí ẹnikẹ́ni má sì ya ojú-ewé kankan kúrò nínú rẹ̀. Kí èkejì gba nọ́ńbà olùtọrẹ kan náà pẹ̀lú fóònù àti àdúgbò rẹ̀, ojú-ewé kan fún ẹnì kan, kí ojú-ewé náà lè ṣeé yọ lọ́jọ́ tí olóhun bá bèèrè rẹ̀.